Ẹsẹ̀ Ló Gbé Àdúrà Wọ Ilẹ̀ Òkun

Àwọn kan gbà pé Philadelphia ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìjọ Aposteli Kristi, nítorí pé ibẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ni ìwé àwọn ìjọ Faith Tabernacle ti ń wá; ṣùgbọ́n ìwé kì í gun òkè, kì í sì í sùn ní abúlé. Ní tiwa, àwa ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo gbà pé ó gbé àdúrà wá.

Kí Mósè Orímọládé ará Ìkàrẹ́ tó dá Ẹgbẹ́ Serafu sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, ó ti tiro dé Kàbà àti Lọ́kọ́ja, ó ń wàásù. Àwọn tí ó bá níbẹ̀ kò tíì gbàgbé ogun Tápà, tí agbára rẹ̀ lórí wa kò ṣẹ́ títí di 1897, tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì ń padà bọ̀ láti Bídà, ìlú Tápà. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ti tà rí tí ó sì délé kò ní pẹ́ gba Ọlọ́run tí ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "àdúrà" pàápàá, láti inú èdè Lárúbáwá ni, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà á. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin Aládùúrà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì Ìjọ Aposteli Kristi, ẹni tí a bí ní 1904 ní Odò-Ọwá, ìlú tí kò jìnnà sí Ìyàgbà rárá. Awakọ̀ katakata tí ń tẹ ọ̀nà ni nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní 1928. Ní oṣù keje 1930, ìsọjí rẹ̀ ní Iléṣà mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni yóò wá sọ pé aládùúgbò wa fi wá sílẹ̀ lọ fún àwọn ará Iléṣà?

Àwọn òyìnbó ìjọ Apostolic tí wọ́n dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931 ń lo kunínì, oògùn ibà, àwọn tiwa sì ń lo omi àdúrà nìkan. Ìyẹn ló fa ìpínyà, tí orúkọ Ìjọ Aposteli Kristi fi wọ ìwé ìjọba ní 1943. Ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, àwọn olùṣọ́-àgùntàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúrà ṣí ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú. Àwọn ìjọ Rídíìmù àti Dípà Láìfù náà ti dé. Ní Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìyàgbà, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA wà, ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ lè gbé ìgò omi lọ síbi àdúrà ní ìrọ̀lẹ́.