Ẹsẹ̀ Mini: Rọ́bà Ni Wọ́n Fi Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá gbé mọ́tò kékeré lọ bá mẹkáníìkì n'Íbàdàn pé kó bá yín tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ìyẹn sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó gbé e dúró lórí táyà, kó tó wo abẹ́ ọkọ̀ rárá ló máa bi yín pé, "Ọ̀gá, ṣé ká gbé e sókè díẹ̀ ni?" Títì wa ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn. Kòtò ń bẹ, bọ́mpù ń bẹ, àgbàrá òjò náà ń bẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ kékeré ṣe ti di òwò ńlá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí, kí ọkọ̀ lè di ilẹ̀ mú dáadáa bó bá ń yà kọ́nà. Ọkọ̀ tó sọ iṣẹ́ náà di ti mùtúmùwà níbẹ̀ ni Mini. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ Mini kò ro ti eré sísá mọ́ ọn. Àyè ni wọ́n ń wá.

Ọ̀wọ́n epo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1956, Gamal Abdel Nasser, ààrẹ Íjíbítì, sọ ọ̀nà omi Suez, tí ọkọ̀ elépo ń gbà wá sí Yúróòpù, di ti ìjọba rẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà omi náà dí, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kejìlá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọn epo fún àwọn onímọ́tò. Àwọn èèyàn wá yíjú sí àwọn ọkọ̀ tín-ín-tìn-tín tó ń ti Jámánì wá, tó rí roboto bí ẹyin, tí òmíràn nínú wọn kò ní ju wíìlì mẹ́ta lọ. Leonard Lord, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ BMC tó ń ṣe Austin àti Morris, kò fẹ́ fojú kàn wọ́n. Ó pe Alec Issigonis, ó ní kó ṣe ọkọ̀ kékeré tí yóò jẹ́ ọkọ̀ gidi, kó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì tí BMC ti ní nílẹ̀ ló lò.

Issigonis kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìlú Smyrna, tí wọ́n ń pè ní İzmir lórílẹ̀-èdè Tọ́kì báyìí, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1906. Ogun ló lé òun àtàwọn òbí rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1922. Nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ Morris lọ́dún 1936, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kó tó dìgbà yẹn ló ti ní Austin Seven kan tó ń tú tó ń tò, tó sì fi ń díje. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Dowson fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ eré-ìje kékeré kan tí wọ́n pè ní Lightweight Special. Rọ́bà ni wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn dúró, wọn kò fi sípíríǹgì onírin sí i. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹni tó jẹ́ àgbà fún gbogbo àwọn tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kékeré lọ́jọ́ Sátidé láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, ọkùnrin yìí gan-an ni, ẹ̀yìn tó ti ṣe é fún ara rẹ̀ ló tó wá ṣe Mini.

Ọkọ̀ tí Lord ní kó ṣe yìí kò gbọdọ̀ gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ìyẹn mítà 3 àti díẹ̀. Síbẹ̀, àgbàlagbà mẹ́rin gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kí ẹrù wọn náà ráyè. Issigonis dá ẹ́ńjìnnì sí ìbú, ó sì ki jíà sábẹ́ rẹ̀, inú epo ẹ́ńjìnnì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń wẹ̀. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ Dunlop bá òun ṣe táyà tí rímù rẹ̀ kò ju ínṣì 10 lọ, kí ihò táyà má baà jẹ àyè ẹsẹ̀ èèyàn. Wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lé wọn lọ sí igun ọkọ̀ pátápátá. Ó wá ku ohun tí yóò gbé ọkọ̀ náà dúró.

Ibí ni ìṣòro wà. Ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 600 lọ. Bí àgbàlagbà mẹ́rin bá wọlé tàwọn ti ẹrù, ẹrù inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ débi tí yóò fi tu awakọ̀ tó dá wà lára, á jókòó sílẹ̀ pátá nígbà tí ìdílé bá wọlé. Bó bá sì le tó láti gbé ìdílé, awakọ̀ tó dá wà á máa ta bí ẹni jókòó sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Sípíríǹgì onírin tún ń fẹ́ àyè gíga, àyè kò sì sí.

Ẹni tó yanjú rẹ̀ ni Alex Moulton, ará Bradford-on-Avon, ọmọ ìdílé tó ti ń ṣe rọ́bà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lọ́dún 1956 tí wọ́n ta ilé-iṣẹ́ ìdílé náà fún ilé-iṣẹ́ rọ́bà Avon, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣèwádìí ohun tí rọ́bà lè ṣe lábẹ́ ọkọ̀. Ohun tó gbé wá fún Mini kò tóbi ju abọ́ ọbẹ̀ kékeré lọ: rọ́bà tó nípọn, tí wọ́n mọ bíi kónù, tí irin dì mú lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń le sí i. Fún ẹnì kan ó rọ̀ díẹ̀, fún ẹni mẹ́rin ó le, kò sì jẹ àyè. Láàárín rọ́bà yìí àti apá tó di wíìlì mú, wọ́n fi irin kan há a, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lápá kan tó sì tín-ín-rín lápá kejì. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ irin yìí kò ṣòro fún wa láti lóye: fèrè ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi fèrè yìí sọ́kàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń lọ.

Nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ náà wò, ara páànù rẹ̀ ń sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tì í. Ni wọ́n bá ṣe férémù irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n so gbogbo ẹsẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n wá fi bóòtù dè wọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Àtúnṣe kí ọkọ̀ má baà fọ́ lèyí, àmọ́ ó ṣe oore kan tí ẹnikẹ́ni kò pète: lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó bá ní sípánà àti jáàkì lè sọ odindi ẹsẹ̀ Mini kalẹ̀ nínú gàráàjì ilé rẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1959 ni Mini jáde, owó rẹ̀ kò sì ju pọ́n-ùn 496 lọ tòun ti owó orí. Kò pẹ́ tí àwọn tó rà á fi rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà rírà àti gbígbé ọmọ lọ síléèwé yìí kì í fì bó bá yà kọ́nà. Rọ́bà kò fún un láyè láti fì, ìrìn rẹ̀ kúrú jù. Wíìlì wà ní igun, ìdí ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá yí sítíárìn díẹ̀, ó ti yà.

John Cooper ló kọ́kọ́ sọ èyí dòwò. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni Jack Brabham fi gba ife àgbáyé Formula 1 lọ́dún 1959 àti 1960, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ Issigonis ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe Mini tó lè sáré. Issigonis kò fẹ́. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni tirẹ̀ lójú ara rẹ̀. Cooper bá gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá George Harriman, ọ̀gá BMC nígbà náà, ìyẹn sì gbà fún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kan péré. Mini Cooper jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961: ẹ́ńjìnnì 997 cc tó ní agbára ẹṣin 55, jíà tí wọ́n tún ṣe, bíréèkì oní-díìsì níwájú tí kò ju ínṣì 7 lọ nítorí rímù kò gba jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì. Ẹsẹ̀ rọ́bà yẹn, bó ṣe wà lábẹ́ ọkọ̀ ọjà rírà náà ló wà lábẹ́ ọkọ̀ asáré.

Lóṣù Kìíní ọdún 1964, Paddy Hopkirk àti Henry Liddon fi Cooper S tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1071 cc gba eré-ìje Monte Carlo. Ẹni tó ṣe ipò kejì, Bo Ljungfeldt, Ford Falcon ló wà, V8, lítà 4.7. Ká sòótọ́, ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n fi ń bu máàkì kún ti ọkọ̀ kékeré ran Mini lọ́wọ́ lọ́dún yẹn. Àmọ́ yìnyín àti kọ́nà orí òkè kò mọ ìṣirò, Mini sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Falcon. Timo Mäkinen gba á lọ́dún 1965. Lọ́dún 1966, Mini mẹ́ta ló ṣíwájú, àwọn adájọ́ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ọ̀rọ̀ iná iwájú. Ariwo yẹn kò tíì tán nílẹ̀ títí dòní. Rauno Aaltonen wá gba á padà lọ́dún 1967.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì náà fẹ́ kí Mini tòun rí bíi ti Hopkirk. Fèrè ni gbogbo wọn kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ayùn gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á kàgbákò: nítorí bí apá ẹsẹ̀ ṣe gùn ju ibi tí fèrè ti tì í, mìlímítà kan tí ẹ bá gé níwájú máa ń sọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta, lẹ́yìn á sì tó bíi márùn-ún. Ẹni tó bá gé iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba, ọkọ̀ rẹ̀ á gbé imú sókè bí ajá tó ń gbóòórùn ẹran. Bí wọ́n bá sì ti gé e jù, kò ṣeé lẹ̀. Àwọn kan ń fi wásà há a padà. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò ṣe fèrè tó ní ìdè bíi ti bóòtù, tí ẹ lè fi sípánà fà gùn tàbí kí ẹ mú kúrú. Lójú tèmi, irin kékeré yẹn ni ìpilẹ̀ òwò yìí gan-an. Ó jẹ́ kí ènìyàn lè dán an wò, kó ṣàṣìṣe, kó sì tún un ṣe láìra òmíràn.

Èyí tó kù tẹ̀ lé e wọlé. Ṣọ́ọ̀kì Koni tó ṣeé mú le tàbí kó rọ̀. Apá ìsàlẹ̀ tó gùn ju ti àtètèkọ́ṣe lọ díẹ̀, tó ń ti ìdí táyà síta kí orí rẹ̀ lè wọnú. Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì rí á mọ ìdí rẹ̀: ajàkadì kì í pa ẹsẹ̀ pọ̀ dúró, ńṣe ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń ya ẹsẹ̀. Bí Mini bá yà sọ́tùn-ún, táyà òsì tó ti yasẹ̀ sílẹ̀ á wá tẹ́ gbalaja sórí títì, dípò kó máa fi etí rìn. BMC fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí owó yìí fò ó dá. Ní Abingdon, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ọkọ̀ eré-ìje wọn, wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ tó ń ta irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

Àfi bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, wọ́n yọ kónù rọ́bà kúrò lára Mini, wọ́n fi Hydrolastic rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ Moulton náà ni. Omi tí wọ́n fi ọtí pò kó má baà dì ló wà nínú rẹ̀, páìpù sì so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bí táyà iwájú bá gun òkúta, omi á sáré lọ gbé ẹ̀yìn sókè, ọkọ̀ á sì dúró lọ́gbọọgba. Ó tu èrò ọkọ̀ lára. Àmọ́ bí awakọ̀ bá fún un níná, ẹ̀yìn á rì, omi kan náà á ṣàn síwájú, imú á gbéra. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré lórí pápá kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ń padà sí ẹsẹ̀ gbígbẹ, tó ṣì wà lábẹ́ Mini akẹ́rù ní gbogbo àsìkò yẹn. Láàárín 1969 sí 1971, ilé-iṣẹ́ náà padà sí rọ́bà fún gbogbo wọn. Owó ló fà á, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ àwọn asáré.

Rọ́bà sì ní àrùn tirẹ̀: ó ń darúgbó. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, á le, á sì fẹ́lẹ́, ọkọ̀ á máa rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan. Àìmọye fèrè onídè tí wọ́n ṣe láti sọ Mini kalẹ̀ ló jẹ́ pé gbígbé Mini arúgbó padà sókè ni wọ́n fi ń ṣe. Ó dà bíi pé mẹkáníìkì Ìbàdàn yẹn kò jẹ̀bi.

Àwọn kan ti wá yọ rọ́bà kúrò pátápátá, wọ́n fi sípíríǹgì onírin sí ojú ihò rẹ̀, àríyànjiyàn lórí ìyẹn kò sì lópin láàárín àwọn tó fẹ́ràn Mini. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Longbridge, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 5.3 lọ. MINI tuntun tí BMW gbé jáde lọ́dún 2001, irin ni gbogbo sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n sì náwó nára láti rí i pé ó ń yà kọ́nà bíi ti àtijọ́, bíi ti ìgbà tí rọ́bà kò fún ọkọ̀ láyè láti fì.

Moulton ti dàgbà nígbà náà, Bradford-on-Avon ló ṣì wà. Òun náà bọ́ sọ́jà ẹ̀yà àtúnṣe fún Mini. Ohun tó ń tà ni èyí tí yóò mú kí ẹsẹ̀ rọ́bà tó ṣe lọ́jọ́sí rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó jókòó.