“₦20 lórí ₦100, kí ló wà ńbẹ̀?”

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tàkíé dé Sábó, ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà ló gbà pé ẹ̀yáwó ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, èyí tí ará ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, èlé rẹ̀ kò pọ̀. “₦20 lórí ₦100, kí ló wà ńbẹ̀?” Ìṣirò yẹn kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan yá ₦100,000, ó sì ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Yóò san ₦120,000. Lóòótọ́, ₦20,000 ni èlé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan ni ₦100,000 yẹn fi pé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ 12, ó ti dá ìdajì padà, síbẹ̀ orí odindi ₦100,000 ni wọ́n ṣì ń ka èlé sí. Tí a bá gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n, owó tó ń lò láàárín oṣù bíi mẹ́fà yẹn kò ju nǹkan bíi ₦50,000 lọ. ₦20,000 lórí ₦50,000, ₦40 lórí ₦100 nìyẹn. Bó bá ń tún un yá títí ọdún fi yí po, ó ń lọ sí ₦80. A ò tíì ka owó fọ́ọ̀mù o, a ò sì tíì ka “owó ìpamọ́” tí àwọn kan máa ń yọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ ₦10,000 rẹ̀, ₦90,000 ló gbé délé, èlé ₦100,000 ló ń san. Kò jìnnà sí sogúndogójì mọ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ń gba ₦1 lórí ₦100 lóṣù, lórí kìkì owó tó ṣẹ́ kù, èlé ₦100,000 kan náà tí a san tán lóṣù mẹ́fà yóò jẹ́ ₦3,500. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe báyìí. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti ń dá owó fún oṣù díẹ̀, kó sì ní onídùúró. Ẹni tí owó iléèwé ọmọ ká mọ́ kò rí ààyè dúró. Òun ló ń lé wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kì í ṣe àìgbọ́n.

Ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí owó ti wúlò. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ní kẹ́ ẹ má ra aṣọ ẹbí. (Aṣọ ẹbí ní ẹjọ́ tirẹ̀, n ò jiyàn.) Èyí tó bá mọṣẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé oṣù wo lowó ń wọlé. Oníṣòwò kajú lágbègbè wa, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún lọwọ́ rẹ̀ máa ń tẹ owó. Bí wọ́n bá ń gba ₦5,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, yóò yáwó mìíràn láti fi san ti àkọ́kọ́ ni. Ìdílé oníṣòwò náà kò ya ọ̀lẹ, wọn kò náwó nínàákúnàá; ọjọ́ sísan gbèsè ni kò bá ọjọ́ ọjà wọn mu. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà nínú oṣù Kìíní, tí wọ́n sì fi àsìkò kajú san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ti wà nínú gbèsè ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Kó lọ bá ayánilówó kó tó di pé ó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di oṣooṣù. Lẹ́yìn tó bá ti pa á jẹ, àwọn tí wọ́n jọ gba ẹ̀yáwó náà, tí wọ́n sì ń dúró fún ara wọn, ni ayánilówó máa dojú kọ.