Kí ni modal shift? Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù kúrò lórí títì nínú òkè Alps

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ tránsíìtì ná. Tírélà kan kó ẹrù ní Jámánì, Ítálì ló ń lọ, kò ní já nǹkan kan sílẹ̀ ní Ọ́stríà tàbí Swítsálándì, kò sì ní gbé nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn fẹ́ kọjá ni. Tó bá jẹ́ tírélà kan, ta ló máa bínú? Àmọ́ Brenner nìkan, ìyẹn ọ̀nà orí òkè tó so Ọ́stríà pọ̀ mọ́ Ítálì, tírélà tó ń gbà á lọ́dún kan ju mílíọ̀nù 2 lọ. Àwọn tó ń gbé ní àfonífojì tí títì yẹn gbà kọjá ló ń fa èéfín ẹ̀ símú, àwọn ni ò lè sùn, àwọn ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń há mọ́ inú ìlú wọn, ẹrù ọ̀hún kì í sì í ṣe tiwọn.

Ẹlòmíì á ní ṣebí tírélà wà níbi gbogbo, kí ló dé tó jẹ́ ti orí òkè lẹ ń pariwo ẹ̀? Ó yàtọ̀ o. Àfonífojì tóóró ni, òkè gíga wà lọ́tùn-ún lósì, odò, títì, rélùwéè, ilé àti oko, gbogbo ẹ̀ ló fún mọ́ra sínú ibi kan náà. Tó bá dìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sísàlẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á wà lókè ẹ̀, á wá bò ó bí ọmọrí ìkòkò, èéfín dísẹ́ẹ̀lì ò ní ríbi gbà jáde mọ́, inú ibẹ̀ náà ló máa wà táwọn èèyàn á máa mí i. Ariwo náà kì í tán sẹ́bàá títì, ńṣe ló ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, ẹni tó kọ́lé sókè pátápátá ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnnì tó ń fa tọ́ọ̀nù 40 gun òkè máa jó epo gan-an ju èyí tó ń sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ti jàǹbá ńkọ́? Iná tó ṣẹ́ yọ nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì Mont Blanc, láàárín Faransé àti Ítálì, lọ́dún 1999 pa èèyàn 39, ọdún 2001 ni tírélà méjì kọlu ara wọn nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì títì Gotthard ní Swítsálándì, èèyàn 11 ló kú síbẹ̀.

Ibí yìí ni modal shift ti wọlé. Ẹrù ṣì máa dé ibi tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ní kí okòwò dúró, àmọ́ rélùwéè ló máa gbé e gba inú òkè kọjá. Wọ́n lè kó o sínú kọ̀ntínà látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi kréènì gbé àpótí ẹ̀yìn tírélà nìkan sórí rélùwéè kí orí ọkọ̀ pa dà sílé, tàbí kí tírélà wakọ̀ gun orí rélùwéè lódidi kí dẹ́rẹ́bà lọ jókòó sínú kóòṣì tiẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn rọrùn lójú, àmọ́ tèmi ni pé òun ló ń fi nǹkan ṣòfò jù, torí rélùwéè ń gbé táyà àti ẹ́ńjìnnì tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ ẹrù.

Swítsálándì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó jìnnà jù, àwọn aráàlú gan-an ló sì fi ìbò gbé e wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1994. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn báyìí pé ẹrù tó ń ti bọ́dà kan bọ́ sí bọ́dà kejì gba inú Alps, orí irin ni kó gbà, àti pé wọn ò gbọ́dọ̀ fẹ títì tránsíìtì ibẹ̀ kó lè gba ọkọ̀ sí i. Láti 2001 ni tírélà ti ń san owó tí wọ́n ń fi ìwúwo ẹ̀, bó ṣe rìn jìnnà tó àti irú èéfín tó ń tú jáde ṣírò, ibi tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ń lo apá kan nínú owó yẹn láti fi ṣe rélùwéè. Wọ́n gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì rélùwéè Lötschberg (kìlómítà 34.6, ọdún 2007), wọ́n gbẹ́ ti rélùwéè sábẹ́ Gotthard (kìlómítà 57, ọdún 2016), wọ́n fi Ceneri kún un lọ́dún 2020, rélùwéè ẹrù ò wá nílò àtimáa pọ́n òkè mọ́, ìdí òkè ló ń gbà.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, kò kàn tíì dé ibi tí wọ́n ń fẹ́ ni. Tírélà tó ń gba Alps wọn kọjá tó mílíọ̀nù 1.4 lọ́dún 2000, ní báyìí kò tó mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù ló ń gba orí irin. Àmọ́ 650,000 lòfin sọ, ó sì yẹ kí wọ́n ti dé bẹ̀ láti 2018. Rélùwéè tó máa ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà ò jẹ́ káwọn oníṣòwò fọkàn tán an: lọ́dún 2017 ilẹ̀ rì ní Rastatt ní Jámánì, ojú irin tó ń lọ sí Swítsálándì pa dé fún ọ̀sẹ̀ méje, lọ́dún 2023 rélùwéè ẹrù yẹ̀ lójú irin nínú Gotthard, ó di oṣù kẹsàn-án 2024 kí gbogbo ẹ̀ tó tún ṣí.

Ìṣòro tó ń dùn mí jù ni pé òkè kan ò lè dá a ṣe. Tí Swítsálándì bá mówó lọ sókè, àwọn tírélà á yà sí Brenner níbi tówó ti kéré, àwọn ará Tyrol, ìpínlẹ̀ Ọ́stríà tí títì Brenner gbà kọjá, láá wá jìyà ẹ̀. Ọ́stríà ní káwọn tírélà má rìn lóru, wọ́n ní káwọn ẹrù kan máa gba orí irin dandan, láwọn ọjọ́ kan wọ́n ń ka tírélà wọlé níwọ̀nba ní Kufstein, ní bọ́dà Jámánì. Àmọ́ ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n, òfin ibẹ̀ sì ní kọ́jà máa lọ káàkiri fàlàlà, ilé ẹjọ́ ti wọ́gi lé òfin ẹrù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dún 2005 àti 2011, Ọ́stríà tún un ṣe, Ítálì tún gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2024.

Ìdí nìyí tí èmi fi gbà pé ọjà ìwé ìkọjá ló dáa jù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iye sí i pé tírélà báyìí ló lè gba Alps kọjá lọ́dún, wọ́n á gé iye yẹn sí ìwé àṣẹ, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa rà á máa tà á láàárín ara wọn, ẹni tí ẹrù ẹ̀ bá lè gba orí irin á ta tiẹ̀ fẹ́ni tí kò lè ṣe bẹ̀. Ó wà nínú òfin Swítsálándì pé kí ìjọba bá àwọn aládùúgbò jíròrò lórí ẹ̀, àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, torí kò lè wúlò àyàfi tí Ọ́stríà, Ítálì àti Faransé bá wọ inú ẹ̀ pa pọ̀.

Ní báyìí ná, Brenner ni wọ́n tún ń gbẹ́ lábẹ́, kìlómítà 55, ọdún 2032 ni wọ́n ń retí pé kó ṣí. Ojú irin tuntun tó yẹ kó ti Jámánì wá pàdé ẹ̀ ò ní tíì ṣetán nígbà yẹn.