Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Wíwá Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nípa Lẹ́tà Inú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fi bẹ̀rẹ̀ kò níṣòro: yóò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, yóò sì bá ọ̀rọ̀ náà níbi tí ó jókòó sí. Ẹni tí ó jẹ́ pé lẹ́tà àárín tàbí ti ìparí nìkan ló mọ̀ ni ọ̀ràn kàn. Ká ní ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà mẹ́fà, pé “z” ló wà ní ipò kẹta, pé “e” ló sì kẹ́yìn; kò sí ojú ewé tí ó lè ṣí tààrà, àfi kí ó máa ka ìwé náà láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn. Ìwé atúmọ̀ èdè dà bí ilé ńlá tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn èèyàn tó la ọ̀nà mìíràn sí ara ògiri rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà pàápàá ti ṣàjèjì rí. Nígbà tí Robert Cawdrey gbé A Table Alphabeticall jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1604, ìwé tí a kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 2,500 ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ní láti kọ́ òǹkàwé bí a ṣe ń lò ó: bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “a”, kí ó wo ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá jẹ́ “v”, kí ó lọ sí apá ìparí. Àlàyé bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé títo ọ̀rọ̀ bí ábídí ṣe tò kò tíì mọ́ wọn lára. Ní ọdún 1755, ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè Samuel Johnson ti lé ní 42,000. Ilé ti fẹ̀, ilẹ̀kùn kò pọ̀ sí i.

Ẹni tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni John Walker. Ó ti ṣe eré orí ìtàgé rí kí ó tó di olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà ìró ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1775, ó tẹ ìwé atúmọ̀ kan jáde tí ó to ọ̀rọ̀ láti lẹ́tà ìgbẹ̀yìn padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí “nation”, “ration” àti “station” fi di ará agbo kan náà. Akéwì tí ó ń wá ìparí ìlà tí yóò ró bákan náà ló wúlò fún jù. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí Walker ṣe ju ti akéwì lọ: ó fi hàn pé a lè tún ọ̀rọ̀ kan náà tò lọ́nà mìíràn, nítorí ìbéèrè mìíràn.

Ti àárín ọ̀rọ̀ ló ṣẹ́ kù, eré ìwé ìròyìn ló sì fà á. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé àdììtú kan sínú ìwé ìròyìn New York World, èyí tí a wá mọ̀ sí crossword. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti ń dábùú ara wọn nínú rẹ̀, ẹni tí ó ti rí ọ̀kan yóò ní lẹ́tà kan tàbí méjì nínú àárín òmíràn lọ́wọ́, láìmọ èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé crossword àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1924, ó sì tà wàràwàrà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe ìwé tí ó pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀wọ́ nípa iye lẹ́tà àti ipò lẹ́tà nínú wọn. Ìyẹn ná ni ní bébà: kí a tó lè bá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́fà láti ipò èyíkéyìí, ibi mẹ́fà ni a ní láti tẹ̀ ẹ́ sí.

Alfred Butts, ayàwòrán-ilé kan ní New York tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, yí ìbéèrè náà padà. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn, ó sì fi ìṣirò náà ṣe eré tí James Brunot sọ ní Scrabble ní ọdún 1948. Pákó pẹlẹbẹ 100 ló wà nínú rẹ̀: “E” gba 12, “Q” àti “Z” gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń mú máàkì mẹ́wàá wá. Ẹni tí ó mú pákó méje lọ́wọ́ kò bìkítà nípa ipò. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn lẹ́tà náà lè bí. Ọgbọ́n tí àwọn ògbóǹtarìgì dá sí i rọrùn. Wọ́n mú “listen”, wọ́n to lẹ́tà inú rẹ̀ bí ábídí ṣe tò, ó di “eilnst”. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí “silent”, “enlist”, “inlets” àti “tinsel”. “Eilnst” kan náà ló ń jáde. Ìlànà Cawdrey ló tún padà wá, àmọ́ inú ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń lò ó báyìí.

Kọ̀ǹpútà ló wá wó ògiri náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò ronú ọ̀rọ̀ wíwá rárá. Iṣan ọpọlọ ni Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò, ń fi ìṣirò ṣàpèjúwe ní ọdún 1951 nígbà tí ó gbé àmì kan kalẹ̀ fún ohun tí ó ń tẹ̀ léra. Ken Thompson, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sọ àmì náà di irinṣẹ́ fún wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé ní ọdún 1968, ní ọdún 1973 ó sì di àṣẹ tí ń jẹ́ grep lórí Unix, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Àmì ìdánudúró kan dúró fún lẹ́tà yòówù, “^” ń tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀, “$” sì ń tọ́ka sí ìparí. Ẹni tí a bá pàdé lókè, kí ó tẹ “^..z..e$” sí fáìlì ọ̀rọ̀, “puzzle”, “dazzle”, “nozzle” àti “sizzle” yóò tò wá lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí Josh Wardle fi Wordle, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń méfò ọ̀rọ̀ kan tí a fi pamọ́, síta ní ọdún 2021, gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí bọ́ sórí ìlà onílẹ́tà márùn-ún kan. Àwọ̀ ewé ni lẹ́tà tí ó wà ní ipò rẹ̀, bíi ti crossword. Àwọ̀ ìyeyè ni èyí tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí níbi tí a fi í sí, ó sún mọ́ ti Scrabble. Àwọ̀ eérú sì ni èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá, ìbéèrè tí kò sí ìwé tí a tẹ̀ tí ó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa.