Lésà Kì í Ṣe Tọ́ọ̀ṣì

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹni mẹ́ta ló wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Bódìjà lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Agbowó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, ìyá kan tó ní ilé-ìwé, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ya fídíò òde ìnáwó. Wọ́n fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè da iṣẹ́ lésà (ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fọ́n ká bíi ti tọ́ọ̀ṣì), iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́, àti iṣẹ́ fídíò pọ̀, kó sì máa fi jẹun. Mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ibo ni wọ́n fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. "Kámẹ́rà ni, sà." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Kò sẹ́ni tó dárúkọ lésà, àfi ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn ki ọwọ́ bọ àpò, tó yọ lésà aláwọ̀ ewé kan jáde, irú èyí tó rí bíi bíírò. Ó ní Dùgbẹ̀ lòun ti rà á. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá dúró ní Mókọ́lá, á kan Cocoa House." Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó lanu. Ara ògiri ló tàn sí, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mi ò ní ṣàlàyé lésà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti dída iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ náà kò gùn, torí kì í ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Lésà ni mo mọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹ́ kí ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní yàrá ìwádìí fọwọ́ kàn án láìfarapa, fídíò ni mo sì fi ń jẹ́ kó rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, bá àwọn méjì mìíràn pín Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001 lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi lésà mú átọ́ọ̀mù tutù. Ní ọdún 2002 ló dá PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè fi darí ìmọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó wo bó ṣe ń yà nínú omi àti nínú gíláàsì. Ẹ rí i pé ìmọ̀ ló ṣáájú. Ní ìlú tiwa níbí, 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan lésà láyé. 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, tan àkọ́kọ́. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti wà n'Ìbàdàn kí lésà tó dáyé. Ọmọ Ìbàdàn tó bá so méjèèjì pọ̀ kò jí ogún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí bíírò aláwọ̀ ewé yẹn.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e síwájú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn agbára lésà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò tó mìlíwáàtì 5. Ẹ̀rọ mi ka 62. Mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo tún un wọ̀n: 60. Ọmọ náà tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó bá ejò nínú àpò ara rẹ̀.

Lésà tí ojú ń rí, tí kò ju mìlíwáàtì 1 lọ, ojú fúnra rẹ̀ ló ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀: kó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti ṣẹ́. Tó bá ti kọjá 5, ìpele 3B ló wà, ìyẹn ìpele àwọn lésà tó lè ba ojú jẹ́, kò sí ojú tó lè yára ṣẹ́ tó o. Àwọn aláwọ̀ ewé tún burú nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń jáde. Lésà kékeré kan tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 808 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ló ń ta kírísítà kan, òkúta kékeré tó mọ́ gaara, jí, kírísítà yẹn á tú 1064 jáde, kírísítà kejì á wá gé ìgbì yẹn sí méjì dọ́gba, 532, àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí. Ojú ènìyàn kò rí 808, kò sì rí 1064. Ó yẹ kí gíláàsì kan tó ń ṣe iṣẹ́ asẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tí yóò dá wọn dúró. Àwọn tó fẹ́ tà á ní owó pọ́ọ́kú kì í fi sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò sì rí, ojú kì í ṣẹ́ fún un.

Ẹyinjú dà bíi gíláàsì tí ọmọdé fi ń kó oòrùn jọ láti sun ewé gbígbẹ. Lésà tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹyinjú á kó o jọ sójú kan lórí rẹtínà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn inú ojú, ìmọ́lẹ̀ náà á sì le sí i níbẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 100,000, ibẹ̀ á gbóná janjan. Awọ yẹn kò mọ ìrora. Ó lè jó kó má dùn yín rárá.

Ọ̀gbẹ́ni onífídíò gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń hàn láti òkè délẹ̀ nínú gbogbo fídíò rẹ̀, láti ọjọ́ ìgbéyàwó kan tí wọ́n ti ń ta lésà káàkiri gbọ̀ngàn. Ó ti nu lẹ́ńsì títí ó fi sú u. Mo ní kì í ṣe ìdọ̀tí, sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ló jó. Ó ń kédàárò owó kámẹ́rà. Mo bi í pé àwọn ọmọ tó ń jó níwájú lésà yẹn ńkọ́, ta ló yẹ ojú wọn wò? Ìyá onílé-ìwé ní tirẹ̀ fẹ́ ra bíírò yẹn fún gbogbo tíṣà, kí wọ́n máa fi tọ́ka sí bọ́ọ̀dù. Mo ní kí ó ra igi.

Ọmọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ní ilé-ìwé kan tí mo ti lọ ya fídíò ẹ̀kọ́. Nígbà ìsinmi ráńpẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi irú lésà yẹn figagbága: ta ni yóò lè wò ó pẹ́ jù? Òun ló borí. Kò ké, omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé èèrà dúdú kan wà lójú ìwé òun, ibi tí òun bá wò ló ń bá òun lọ. Ìyá náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó fún ọmú sí i lójú. Aládùúgbò gbé omi ṣúgà wá. Ẹnì kan ní ayé ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú mọ́tò, tí ìgò kan ṣoṣo rẹ̀ ń wo ojú, eyín àti jẹ̀díjẹ̀dí. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ó ṣì ń bí mi títí dòní. Èyí kì í ṣe àpólò! Ẹ̀yìn inú ojú ló ti jó, kò sí ohun tí ẹ lè kán síwájú ojú tí yóò tún un ṣe. Bí lésà bá wọ ọmọ yín lójú, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ má jẹ́ kó ra ojú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kò jìnnà, kí ẹ sì mú lésà náà dání.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni bàbá rẹ̀ tó pè mí, mo sì bá wọn lọ. Dókítà fi àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀ hàn wá lórí kọ̀ǹpútà: awọ pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pín bí ẹ̀ka igi, àti láàárín gbùngbùn, ibi tí a fi ń kàwé gan-an, àpá kékeré kan tó pọ́n bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú méjèèjì ni. Ti òsì ti sàn díẹ̀ báyìí, ti ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà.

Mo fi bọ́tìnì kan sínú ètò ẹ̀kọ́ mi tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, ọmọ náà ni mo sì kọ́kọ́ gbé e lọ fún. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìgun ojú kà á, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún tóbi díẹ̀ sí i, sà." Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.