Kí Ni Ilé-Iṣẹ́ Yín Ní Gan-an? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Kíka Ohun Èlò Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kúrò lórí ìwé àti ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ́ sórí ètò tuntun, iye tí wọ́n ń ta sọ́fúwià tuntun ni àwọn ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sábà wọ inú ìjíròrò àfìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ ka gbogbo ohun èlò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ ní, ká sì kọ wọ́n sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan ni a ń kà?

Ìdáhùn: Rárá o. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń gba iṣẹ́ àti fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀) àti ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ni ojú máa ń rí, àwọn yẹn ni kò sì nira láti kà. Lẹ́yìn wọn ni sọ́fúwià àti láísẹ́ńsì rẹ̀ (àṣẹ láti lò ó), orúkọ ìkànnì tí a ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, àyè tí a háyà lórí sáfà ẹlòmíràn, dátà àwọn oníbàárà (ìsọfúnni nípa wọn), títí kan fáìlì Excel tí akọ̀wé kan fúnra rẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ títí di òní. Fáìlì yẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, nítorí pé kò sẹ́ni tó rà á.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka ìṣirò owó ní ìwé ohun ìní. Ṣé ìyẹn kò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó. Iye tí a ra nǹkan àti iye tó kù lára rẹ̀ ni ìwé yẹn ń sọ. Ẹ̀rọ tí ìwé ti sọ pé kò níye lórí mọ́ lè jẹ́ òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ rọ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ kó ilé-iṣẹ́ kúrò lórí ètò àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, àwọn tó ń lò ó, àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń gba dátà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iṣẹ́ tí yóò dúró bí a bá pa á.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ àìmọ̀ yìí ti kó bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan rí?

Ìdáhùn: Ó kó bá Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń yá owó àti bí wọ́n ṣe ń san án. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2017, àwọn tó ṣe Apache Struts, sọ́fúwià tí wọ́n fi ń kọ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé àlébù kan wà lára rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé, àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Equifax fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 400 pé kí ẹni tó bá ń lo Struts tún un ṣe láàárín wákàtí 48. Wọn kò lè dárúkọ ẹ̀rọ tó ń lò ó, nítorí pé wọn kò ní àkọsílẹ̀ tó pé. Ṣe ni wọ́n dúró sáàárín ọjà, tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó yẹ kó jáde kò sí lára àwọn tí wọ́n fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí.

Olè wọlé ní oṣù Karùn-ún. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ríran, torí pé ìwé-ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tó fi ń tú dátà tó ń kọjá wò ti kọjá àsìkò láti bí oṣù 19 sẹ́yìn. Ọjọ́ 29 oṣù Keje tí wọ́n fi tuntun sí i ni àṣírí tú, ṣùgbọ́n dátà nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn ti lọ.

Ìbéèrè: Ká ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo la gbàgbé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ bi Knight Capital, tó ń ra ìpín okòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Sáfà mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n gbé kódù tuntun (àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) sí ní ọdún 2012. Wọ́n gbé e sí méje. Lórí ìkẹjọ ni kódù àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Power Peg sùn sí, tí wọn kò lò mọ́ láti ọdún 2003, tí wọn kò sì yọ kúrò. Àmì tí kódù tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń jí Power Peg láyé àtijọ́. Bí ọjà ṣe ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ó jí, ó sì ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sọ́jà láìdúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Àdánù náà lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé, nínú ìdààmú yẹn, ṣe ni wọ́n yọ kódù tuntun kúrò lórí sáfà méje tó dára, ni Power Peg bá jí lórí àwọn náà.

Ìbéèrè: Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ń gbà jáde. Ẹ yẹ ìwé báńkì ọdún kan wò, nítorí pé àyè tí ẹnì kan háyà láìsọ fún ẹnikẹ́ni yóò hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí ọ́fíìsì ká, ẹ wo abẹ́ tábìlì, kí ẹ sì kọ irú Windows (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé Microsoft, tó ṣe é, ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ kọ ibi tí dátà oníbàárà wà pẹ̀lú. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn oní-dátà lára, wákàtí 72 kò sì tó láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí a kó o sí.

Ìbéèrè: Bí a bá rí ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tètè gbé e jù nù. Ẹ bèèrè káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní pàtàkì lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ẹ pa á ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ti lè tètè tàn án padà, ó kéré tán títí òpin oṣù yóò fi kọjá, nítorí pé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ owó oṣù nìkan ló máa ń jí.