Kí Ló Dé Tí Ẹranko Kékeré Inú Igbó Máa Ń Dúró Wò Wá Dípò Kí Ó Sá?

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ ọ̀nà oko kò ní ṣàì ti ṣe kòńgẹ́ ẹranko kékeré kan rí, tí òun àti ẹranko náà sì jọ ń wo ara wọn kí ọ̀kan nínú wọn tó mira. Ohun tí ó máa ń yani lẹ́nu ni pé ẹranko tí ó yẹ kí ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kò kúrò lójú kan. Ìdí rẹ̀ kò rí bákan náà lára gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ìbéèrè yìí fi gba àlàyé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ehoro kan mọ́lẹ̀ kí ó tó sá. Ṣé kò rí mi ni?

Ìdáhùn: Ó ti rí yín tipẹ́tipẹ́. Ojú ehoro wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tí ó jẹ́ kí ó lè máa ṣọ́ iwájú àti ẹ̀yìn láìyí ọrùn padà, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó yọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń rìn ni ojú àṣá àti ti ọ̀pọ̀ ẹranko apẹranjẹ máa ń tètè gbé. Ehoro tí ó bá lúgọ mọ́lẹ̀, tí ó tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn, tí àwọ̀ irun rẹ̀ sì bá ti koríko gbígbẹ mu, lè wà níbẹ̀ kí ewu kọjá lórí rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé eré sísá ni yóò tú u fó. Ní àkókò ìdúró yẹn, ọkàn irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọra lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í yára gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè rò; ìgbà tí ó bá pinnu láti fò yọ ni ó ń sáré. Bí ẹ bá ń rìn lọ tààrà, ó lè jẹ́ kí ẹ kọjá. Bí ẹ bá dúró tí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn, ó ti mọ̀ pé àṣírí ti tú, yóò sì fò yọ lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí àyà yín yóò já kí ẹ tó ronú láti gbá a mú.

Ìbéèrè: Alángbá ìgboro ńkọ́, tí a lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá?

Ìdáhùn: Sísá ń gba agbára, ó sì ń gba àkókò tí ó yẹ kí alángbá fi wá kòkòrò jẹ, nítorí náà ẹranko tí ó ń rí ènìyàn lójoojúmọ́ láìsí ohun tí ó ṣe é máa ń dín ìbẹ̀rù rẹ̀ kù. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London ń rí irú èyí lára ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú inú ọgbà ìgbafẹ́, tí ó máa ń sún mọ́ ẹni tí ó bá mú ẹ̀pà dání.

Ìbéèrè: Lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè igi, mo sì rí ojú méjì tí ó ń tàn bí iná, tí kò yẹ̀ lójú kan. Wọ́n ní egbére ni.

Ìdáhùn: Egbére inú ìtàn máa ń gbé ẹní dání, a kò sì gbọ́ pé ó ń gun igi. Ohun tí ó ń tàn náà kì í ṣe iná. Nínú ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹranko tí ó ń rìn lóru, ní apá ẹ̀yìn, awọ kan wà tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ẹranko náà lè lo ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó bá wọlé sí i lójú lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn kò ní in, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti ológbò ní in. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ewúrẹ́ ilé yín lójú lálẹ́, ẹ ó rí i.

Ẹranko orí igi tí àwọn ènìyàn ń pè ní bush baby ni a sábà máa ń bá pàdé báyìí. Irú èyí tí ó kéré jù nínú wọn, tí ó ń gbé igbó ẹgàn, lè má wọ̀n tó 100 gíráàmù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè fò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn kí ojú tó tẹ̀ lé e. Ó tilẹ̀ máa ń tọ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó sì fi í pa àtẹ́lẹsẹ̀. Bí kò ṣe sá fún yín, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni ó bò ó lójú: kò rí ẹni tí ó wà lẹ́yìn iná náà. Àǹfààní yìí kan náà ni ọdẹ ń rí lára àtùpà tí ó ń so mọ́rí.

Ìbéèrè: Kí ni ó ń ké lókè orí mi lóru, tí ohùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tí n kò rí nǹkan kan?

Ìdáhùn: Bí igbó tí ó ní igi ńlá bá wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀fàfà. Ẹranko yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ológbò lọ. Inú ihò igi ni ó sábà máa ń sùn ní ọ̀sán, òru ni ó ń jáde wá jẹ ewé, nítorí náà àwọn tí ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ó ti fojú rí i lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù láyé ni erin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá kàn wò ó lásán kò ní gbà.

Ohùn yìí ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun kan tí ó kàn wá gan-an. Àwọn olùwádìí kan, tí John Oates wà lára wọn, fi ohùn ọ̀fàfà láti oríṣiríṣi igbó wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó wà láàárín odò Volta ní Gánà àti odò Ọya ní Nàìjíríà máa ń gbó ni, nígbà tí àwọn tí ó wà ní òdìkejì odò méjèèjì máa ń han goro. Wọ́n wo agbárí wọn, wọ́n tún wo ohun àjogúnbá inú ara wọn, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2021, wọ́n kéde pé irú ọ̀fàfà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà láàárín odò méjèèjì yìí, nítorí náà ohùn tí àwọn baba ńlá wa ń gbọ́ lóru láti ọjọ́ pípẹ́ ni sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní orúkọ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Mo bá akika lójú ọ̀nà, ó ká jọ róbótó, kò sì lọ mọ́. Ṣé ó ti kú ni?

Ìdáhùn: Kò kú o. Akika kò ní ehín, ahọ́n gígùn ni ó fi ń kó èèrà àti ikán jẹ, kò sì lè sáré gidi. Ìpẹ́ tí ó bò ó lára ni ààbò rẹ̀, ohun kan náà tí èékánná wa fi ṣe ni ìpẹ́ yìí sì fi ṣe. Ojú àti ikùn rẹ̀ kò ní ìpẹ́, nítorí náà ó máa ń fi wọ́n pamọ́ sínú, kí ó sì fi ìrù dè é pa. Bí ó bá lọ́mọ, yóò ká ara rẹ̀ yí ọmọ náà ká. Ẹkùn lè jẹ ẹ́ lẹ́nu títí kí ó sú u. Ọwọ́ ènìyàn ni ọgbọ́n yìí kò ràn, torí pé ẹran tí ó ká jọ tí kò lè bunijẹ kò ṣòro láti gbé sínú àpò. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kò lè dí àlàfo àwọn tí wọ́n ń pa. Ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Johannesburg ní ọdún 2016 ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan láti fi òfin de títà gbogbo irú akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí ẹ bá bá a pàdé, ẹ sún sẹ́yìn dáadáa kí ẹ sì dákẹ́. Tí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí imú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò yọ wá gbóòórùn afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ó yẹ kí n gbé ọmọ ẹtu tí mo bá nìkan nínú igbó?

Ìdáhùn: Rárá. Ìyá rẹ̀ ni ó fi í pamọ́ síbẹ̀ kí ó tó lọ jẹko, yóò sì padà wá fún un lọ́mú.

Ìbéèrè: Ẹranko igbó tí ó rìn tọ̀ mí wá lọ́sàn-án gangan, tí kò bẹ̀rù mi rárá ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí nìkan ni ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù. Àrùn dìgbòlugi máa ń gba ìtìjú lójú ẹranko, kò sì mọ sára ajá nìkan. Ẹranko tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí ó ń bunijẹ láìnídìí, ẹ jìnnà sí i. Bí ó bá ti bù yín jẹ tàbí tí ó ya yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó dúró wo bí ara yóò ṣe rí, nítorí bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí ó yè é.